Ọmọ IT ní ọ́fíìsì: àwọn ìbéèrè tí kì í tán nípa bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́

Gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ yunifásítì àti ti pólì bá ti ń jáde lọ ṣe IT (Industrial Training, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ kọ́ níta ilé ìwé), ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé, ìdí nìyẹn tá a fi kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló wà lókè, àwọn tó le wà nísàlẹ̀.

Kí ni IT yìí gan-an, ta ni mo sì ń jíhìn fún?

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní IT yìí, SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme) ni. ITF (Industrial Training Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀, ló dá a sílẹ̀ ní 1973, ITF fúnra ẹ̀ dé ní 1971, Jọ́ọ̀sì sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì máa ń ṣe, ọmọ OND ní pólì máa ń ṣe oṣù mẹ́rin, àwọn tó bá sì ti parí OND tún máa ń lọ lo ọdún kan níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó padà wá ṣe HND.

Súpáfáísọ̀ ibi iṣẹ́ wà, súpáfáísọ̀ láti ilé ìwé wà, ITF náà sì wà níbẹ̀. Súpáfáísọ̀ ibi iṣẹ́ ló kàn ẹ́ lójoojúmọ́. Tí wọn ò bá sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹ lọ́jọ́ kìíní, béèrè. Àwọn ọmọ wà tó máa ń lo odidi ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ láìmọ ẹni tí wọ́n wà lábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti kọjá ló ń rán wọn níṣẹ́.

Kí ni kí n sọ lọ́jọ́ kìíní?

Orúkọ ẹ, ilé ìwé ẹ, ohun tó ò ń kà, iye oṣù tó o máa lò, ó parí. Má bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí àǹtí ẹ ṣe mọ ọ̀gá pátápátá, ìyẹn ni wọ́n á fi máa ṣọ́ ẹnu ẹ títí wàá fi lọ. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí lo mọ̀ ọ́n ṣe, sọ òótọ́: "Mo ti lo AutoCAD díẹ̀ nílé ìwé, àmọ́ mi ò tíì fi ṣiṣẹ́ gidi rí." Ọ̀gá á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ. Ẹni tó ní òun mọ gbogbo ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e fún un ló máa ń hàn.

Sikiọ́rítì tó ṣí géètì fún ẹ, klíínà, sẹkítírì, kọ́ orúkọ wọn kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn yìí ló mọ ìgbà tí ọ̀gá máa ń ráyè àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ stóò wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣé kí n kúnlẹ̀ tàbí kí n dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá?

Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ní kọ́rídọ̀ ọ́fíìsì, rárá o. Tẹríba díẹ̀, tàbí tó o bá jẹ́ obìnrin kó o tẹ orúnkún díẹ̀, kó o ní "Ẹ káàárọ̀ sà," ó ti tó. Níbi iṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, tí ọ̀gá bá jẹ́ bàbá àgbà, kò sẹ́ni tó máa bínú tó o bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ níbi iṣẹ́ tech ní Yábà tí ọ̀gá ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, tó wọ sílípáàsì wá síbi iṣẹ́, ojú lè máa ti òun gan-an. Wo bí àwọn tó o bá níbẹ̀ ṣe ń kí i.

Ohun tó sábà máa ń fa ọ̀rọ̀ kì í ṣe pé ọmọ ò kúnlẹ̀, pé kò kí èèyàn rárá ni. Tó o bá wọ yàrá tí èèyàn mẹ́fà jókòó sí, yọ íápíìsì kúrò létí, ní "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́," kó o tó lọ jókòó.

Ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ ilé àti ti ọ́fíìsì ti yàtọ̀. Nílé, tó o bá kọjá lára àgbà tó ò kí i, ẹjọ́ ni. Ní ọ́fíìsì, tí ọ̀gá bá wà lórí fóònù tàbí tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ tó o wá ń pariwo "Ẹ káàárọ̀ sà," ìwọ lo ṣe àìda. Mi orí sí i, kó o kọjá, tó bá yá wàá kí i dáadáa.

Kí ni kí n máa pè wọ́n?

"Sà" àti "mà" títí dìgbà tí wọ́n bá ní kó o má pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ràn kí wọ́n máa pè wọ́n ní "Engineer," dókítà ni dókítà, Alhaji ò sì fẹ́ kó di "Mr." Má pe ẹnikẹ́ni ní "Mummy" tàbí "Daddy" àyàfi tí gbogbo ọ́fíìsì bá ń pè é bẹ́ẹ̀, kódà nígbà yẹn, má kọ ọ́ sínú ìmeèlì.

Níbi iṣẹ́ tech, orúkọ ni wọ́n máa ní kó o pè, ó sì máa ń wúwo lẹ́nu ọmọ Yorùbá láti pe ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ ní "Kúnlé" lásán. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pè é jàre, kò ní pa ẹ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ, o ṣì lè fi ọ̀wọ̀ sínú ọ̀rọ̀ yẹn: "Kúnlé, ṣé ẹ ti rí fáìlì yẹn?" Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù.

Ṣé mo lè sọ Yorùbá níbi iṣẹ́?

Tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bá gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹyọ ẹnì kan ò bá gbọ́, padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi bí IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó o bá ń sọ Yorùbá lójú wọn wọ́n á rò pé àwọn lò ń sọ. Àmọ́ tó o bá wà pẹ̀lú àwọn wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹ ní Yorùbá, gbà á ní Yorùbá, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tó dájú wà.

Má sì sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìda ní Yorùbá nítorí pé orúkọ ẹ̀ jẹ́ ti Ìgbò tàbí ti Hausa. Ẹni tí wọ́n bí sí Súrùlérè yẹn lè gbọ́ ọ jù ẹ́ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì mi ò dán mọ́rán, ẹ̀rù ń bà mí láti la ẹnu. Kí ni kí n ṣe?

Gírámà ńlá kọ́ ni wọ́n gbà ẹ́ fún. Kọ ohun tó o fẹ́ sọ sílẹ̀ kó o tó lọ bá ọ̀gá, kó má ju kókó mẹ́ta lọ, kó o sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń kó "as per" àti "kindly revert" jọ sójú ìwé gan-an ló máa ń ṣe àṣìṣe jù. Tí ọ̀rọ̀ kan bá sá mọ́ ẹ lọ́wọ́, sọ ọ́ lọ́nà míì, má dákẹ́ lójijì kó o máa wo òrùlé.

Báwo ni mo ṣe máa kọ ìmeèlì tí ọ̀gá máa kà?

Bẹ̀rẹ̀ láti orí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ. Èyí tó o ṣí ní SS2 tó ń jẹ́ "sweetboy" tàbí "queen4real" yẹn, fi í sílẹ̀ fún Facebook, ṣí òmíràn tó jẹ́ orúkọ ẹ gangan. Lẹ́yìn náà ni àkọlé. Àkọlé tó ní "Hello" tàbí tó ṣófo, ó lè wà nínú ìmeèlì ọgọ́rùn-ún kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Jẹ́ kí àkọlé sọ ohun tó wà nínú ẹ̀: "Site report, week 3" tàbí "Request for two days off, 12–13 June."

Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́ lọ́pọ̀ ibi iṣẹ́, àmọ́ báyìí ni kó o ṣe tò ó: kí wọn, gbólóhùn kìíní sọ ohun tó o fẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e sọ ìdí, tó kẹ́yìn sọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n ṣe àti ọjọ́. Bíi "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti parí lísìtì ọjà tí ẹ ní kí n ṣe, ó wà nínú fáìlì tí mo so mọ́ ọn. Mẹ́ta nínú ọjà yẹn ò ní iye owó, mo fi yẹ́lò kùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wò wọ́n kó tó di Thursday?" Ó parí. Má fi ìlera ìdílé wọn àti "hope this mail meets you well" kún ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́.

So fáìlì mọ́ ọn kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, tórí èyí tí gbogbo ayé máa ń gbàgbé nìyẹn, kó o sì fi àdírẹ́ẹ̀sì sí i kẹ́yìn kó má lọ fúnra ẹ̀ nígbà tó o ṣì ń kọ ọ́. Gmail ò gbà ju 25MB lọ, tí fáìlì bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ fi link Google Drive ránṣẹ́, kó o sì ṣí i fún wọn o, ìmeèlì pé "ẹ jọ̀ọ́ mi ò lè wọlé" máa ń dun ọ̀gá. Nínú settings Gmail o lè sún àkókò tó o fi lè fa ìmeèlì tó o ti fi ránṣẹ́ padà (Undo Send) dé 30 seconds, ṣe é lónìí.

CC ni ti ẹni tó yẹ kó mọ̀ àmọ́ tí kò ní ṣe nǹkan kan. Tí súpáfáísọ̀ ẹ bá ti CC ọ̀gá pátápátá, má yọ ọ́ kúrò nígbà tó o bá ń fèsì. Ní ti "Reply all," wo orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́.

WhatsApp ńkọ́? Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa wà.

Òótọ́ ni, lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ wa ìmeèlì kàn jẹ́ ti àwọn kọ́sítọ́mà ni. Ohun àkọ́kọ́: má kọ "Ẹ káàárọ̀ sà" kó o wá dúró kí wọ́n dáhùn. Ọ̀gá á rí i láàárọ̀, á ní òun máa padà wá, ọjọ́ á ti lọ, ìwọ náà á wà níbẹ̀ tí wàá máa retí. Kí wọn kó o sì sọ̀rọ̀ nínú mẹ́sẹ́èjì kan náà: "Ẹ káàárọ̀ sà. Kọ́sítọ́mà tí ẹ ní kó wá mú ọjà ti dé, ó wà ní rìsẹ́píṣọ̀n. Ṣé kí n kó ọjà náà fún un?"

Voice note: má fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àyàfi tí òun fúnra ẹ̀ bá máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹ. Ọ̀gá tó wà nínú ìpàdé ò lè gbọ́ ọ, kò sì lè yára wá nọ́ńbà tó o sọ nínú ẹ̀ lọ́la. Tó bá di dandan, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó o sì kọ ìlà kan sábẹ́ ẹ̀ pé ohun báyìí ni mo sọ.

Tí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì búlúù méjì kì í ṣe ìdáhùn. Kọ "Mo ti rí i mà, màá parí ẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta." Má kọ "k," má kọ "u" àti "dat." Tó o bá ṣi nǹkan kọ, WhatsApp gbà ẹ́ láyè ìṣẹ́jú 15 láti tún un ṣe, kò sídìí láti fi mẹ́sẹ́èjì mẹ́rin ṣàtúnṣe ọ̀kan. Nínú grúùpù ibi iṣẹ́, jọ̀ọ́, àdúrà oṣù tuntun àti "forwarded as received" ò sí níbẹ̀, kódà tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ bá ń ṣe é. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, má fi nǹkan kan ránṣẹ́ àyàfi tí nǹkan bá ń jóná.

Wọ́n rán mi níṣẹ́, mo ní "bẹ́ẹ̀ ni sà," àmọ́ kò yé mi. Báwo ni kí n ṣe padà lọ béèrè?

Èyí ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìbéèrè, ó sì ní ìdí. Nílé ni wọ́n ti kọ́ wa pé tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ á tẹ́tí, á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì lọ. Ìwà rere ni níwájú bàbá àgbà, àmọ́ níbi iṣẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni sà" túmọ̀ sí pé ó yé mi, mo sì máa ṣe é, ọ̀gá ti gbé ọkàn kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ tí ọ́fíìsì mọ̀ ni kó o má jẹ́ kí àkókò wọn ṣòfò.

Kó o tó kúrò níwájú wọn, tún un sọ ní ọ̀rọ̀ ara ẹ: "Tó bá jẹ́ pé mo gbọ́ yín yé, ẹ fẹ́ kí n ka gbogbo páìpù tó wà ní stóò, kí n kọ ọ́ sí Excel, kí n fi ránṣẹ́ sí Engineer kó tó di ìrọ̀lẹ́, àbí?" Tí ohun tó o sọ bá lòdì, wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mú jótà àti bírò dání nígbàkígbà tí wọ́n bá pè ẹ́, má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Ohun tó yẹ kó o mọ̀ ni báwo ló ṣe máa rí tó bá parí, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ẹ, ta ni kí n bi tí mo bá há.

Tó bá ti bọ́ tó o ti ní bẹ́ẹ̀ ni, padà lọ láàárín wákàtí àkọ́kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, mo dé ibi báyìí, mo gbìyànjú eléyìí, kò ṣiṣẹ́." Ẹni tó bá ti gbìyànjú kó tó béèrè, ohùn tí wọ́n fi ń dá a lóhùn máa ń yàtọ̀. Wọ́n á ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó béèrè ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan, wọ́n á rò pé kò fetí sílẹ̀ ni. Kó ìbéèrè ẹ jọ, lọ lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ ò ní parí lásìkò, tàbí mo máa pẹ́ dé. Ìgbà wo ni kí n sọ?

Ìgbà tó o bá ti fura. Tí wọ́n bá fẹ́ iṣẹ́ ní Friday, tó o sì ti mọ̀ ní Wednesday pé kò ní ṣeé ṣe, Wednesday ni kó o sọ, kó o fi ọjọ́ tuntun tì í: "Mo ti ṣe ìdajì, dátà ti ẹ̀ka Ìkẹjà ò tíì wọlé, màá lè parí ẹ̀ ní Monday ọ̀sán." Ọ̀gá tó gbọ́ ní Wednesday lè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Friday aago mẹ́rin, kí ló kù tó fẹ́ ṣe?

Ti pípẹ́, kó o ti fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ kí aago iṣẹ́ tó lù, kó o sọ ibi tó o wà àti ìgbà tó o máa dé. Gbogbo èèyàn mọ gosiló Third Mainland, kò sí ẹni tó máa jiyàn ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bínú sí ni "mo ti wà lójú ọ̀nà sà" látẹnu ẹni tí kò tíì wẹ̀.

Nínú ìpàdé, ṣé kí n sọ̀rọ̀ àbí kí n dákẹ́?

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, gbọ́, máa kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí iṣẹ́ tó o ṣe bá délẹ̀, ìwọ ni kó o ṣàlàyé ẹ̀, má jẹ́ kí ẹlòmíì bá ẹ sọ ọ́. Tí ìbéèrè ẹ bá máa gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, kọ ọ́ pamọ́ kó o bi súpáfáísọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Tí wọ́n bá ní "ṣé ẹnikẹ́ni ní nǹkan sọ," tó ò sì ní, kì í ṣe dandan.

Ti Zoom àti Google Meet: pa máìkì ẹ, kọ orúkọ ẹ gidi síbẹ̀, kì í ṣe "Infinix HOT." Tí NEPA bá mú iná, kọ ọ́ sí grúùpù lójú ẹsẹ̀ pé iná lọ, ò ń padà bọ̀ pẹ̀lú dátà fóònù.

Oúnjẹ rírà àti fọ́tókópì nìkan ni wọ́n ń rán mi. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀?

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ra oúnjẹ yẹn, nílẹ̀ wa kò sẹ́ni tí kò ṣe é rí. Àmọ́ tó bá ti pé oṣù kan tó ò ní nǹkan kan kọ sí logbook (ìwé tí ọmọ IT ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ẹ̀ sí) ju "I went on errands" lọ, ó ti di ọ̀rọ̀. Má lọ ṣàròyé, lọ tọrọ iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ tó o fẹ́: "Sà, mo rí i pé ẹ ń ṣe maintenance jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo Tuesday. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa dúró tì yín? Màá ti parí fọ́tókópì kó tó di aago mẹ́wàá." Ẹni tó ní "ẹ ò fún mi níṣẹ́" á gbọ́ "ó dáa, a ti gbọ́." Ẹni tó dárúkọ Tuesday, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tí wọ́n á ti sọ pé rárá.

Tí kò bá yí padà, sọ fún súpáfáísọ̀ ilé ìwé nígbà tó bá wá, ohun tó ń tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn.

Ọ̀gá méjì rán mi níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ní kíákíá.

Má dá a ṣe fúnra ẹ. Lọ bá súpáfáísọ̀ ẹ, sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ àti iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà, kó sọ èyí tó máa ṣáájú, kó o sì sọ fún ẹni kejì pé súpáfáísọ̀ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo ba nǹkan jẹ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀?

Rárá. Sọ ọ́ kí wọ́n tó rí i: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó o ti ṣe sí i, ohun tó o nílò. "Mà, mo fi ìwé owó kọ́sítọ́mà A ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà B ní aago mọ́kànlá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́. Mi ò tíì bá kọ́sítọ́mà A sọ̀rọ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín." "Ẹ má bínú" ẹ̀ẹ̀kan tó, má dọ̀bálẹ̀, má dá ẹ̀bi lé kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Tó bá jẹ́ láàbù ọsibítù tàbí ilé oògùn lo wà, kò sí "màá wò ó ná" níbẹ̀ rárá. Tí kò bá dá ẹ lójú pé orúkọ tó wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ti ẹni tó ni ín, dúró, pariwo, kí wọ́n tún un gbà.

Ọ̀gá gan-an ló ṣe àṣìṣe. Ṣé mo lè sọ?

O lè sọ. Fi ṣe ìbéèrè, kó má jẹ́ lójú àwọn ẹlòmíì, mú ìwé tó o ti rí i dání: "Sà, mo rí 45 níbí, 54 ló sì wà nínú ìwé tí kọ́sítọ́mà fi ránṣẹ́. Èwo ni kí n lò?" O ò pe àgbà ní òpùrọ́, o ò sì jẹ́ kí 45 yẹn jáde. Tó bá ní 45 ni kó o lò lẹ́yìn tó ti rí i, lò ó, bóyá ohun kan wà tó ò mọ̀, àmọ́ jẹ́ kó wà lórí ìmeèlì tàbí WhatsApp pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí gbogbo ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ò ti sí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Wáyà tó ní iná, àkàbà tó ń mì, ẹ̀rọ tí ẹnì kan ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Pariwo níbẹ̀, kó o pe ọ̀gá lórúkọ tó bá gba bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa kọ logbook, báwo ni mo sì ṣe máa rí i kí wọ́n buwọ́ lù ú?

Kọ ọ́ lójoojúmọ́ kó o tó kúrò níbẹ̀. "I was taught about transformers" ò sọ nǹkan kan. Kọ ohun tó o fi ọwọ́ ẹ ṣe, irinṣẹ́ tó o lò, nọ́ńbà tó o rí, ohun tó ṣòro, kó o ya àwòrán sí ojú ewé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Mú un lọ fún súpáfáísọ̀ ní gbogbo Friday. Ẹni tó kó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún jọ wá bá ọ̀gá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ohun tó ń tọrọ ni kí wọ́n buwọ́ lu ohun tí wọn ò rí, ọ̀gá gidi ò ní gbà. Form 8 náà, ìyẹn fọ́ọ̀mù ITF tí wọ́n máa ń buwọ́ lù tí IT bá ń parí, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, torí ọ̀gá lè lọ sí lífù.

Tí súpáfáísọ̀ ilé ìwé bá dé, kò fẹ́ gbọ́ ìtàn ilé iṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó o ṣe, ṣàlàyé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú ibi tó o ti ṣe é.

Ṣé mo lè béèrè owó?

Béèrè kó o tó bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ HR (ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́), kì í ṣe lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ níwájú èèyàn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ilé iṣẹ́ máa ń fún ọmọ IT ní owó ọkọ̀, kí n lè mọ bí mo ṣe máa ṣètò ara mi?" Ibòmíì ń fúnni, ọ̀pọ̀ ò fúnni. Owó ITF tí àwọn tó ṣáájú yín mọ̀, N2,500 lóṣù ni, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó wọlé, má fi san owó ilé. Tí wọ́n bá ti ní àwọn ò ní máa san nǹkan kan tó o sì gbà, má máa ta ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lójoojúmọ́, ó sàn kó o tọrọ kí wọ́n jẹ́ kó o máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Ṣé mo lè ya fọ́tò ibi iṣẹ́ sí status? Ṣé mo lè fi ìwé wọn sínú ChatGPT kó bá mi kọ ọ́?

Ya ara ẹ níwájú géètì, kò sí wàhálà. Ojú kọ̀ǹpútà, ìwé, aláìsàn, kọ́sítọ́mà, pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí nínú ìpàdé, má yà wọ́n. Òfin wà fún un, Nigeria Data Protection Act ti 2023, orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀.

ChatGPT náà, fáìlì kọ́sítọ́mà tó o bá lẹ̀ mọ́ ọn ti jáde kúrò nílé iṣẹ́ nìyẹn. Bi súpáfáísọ̀ bóyá wọ́n gbà kí ẹ lò ó. Tí wọ́n bá gbà, yọ orúkọ, nọ́ńbà àti owó kúrò, kó o sì ka ohun tó kọ kó o tó fi orúkọ ara ẹ sí i, torí ìwọ ni wọ́n máa bi.

Mo fẹ́ kí wọ́n padà gbà mí síṣẹ́, tàbí kí wọ́n kọ lẹ́tà fún mi.

Sọ ọ́ nígbà tó ku bí oṣù kan, má retí kí wọ́n fòye mọ̀ ọ́n. Kọ iṣẹ́ mẹ́ta tó o ṣe níbẹ̀ sí ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ wọn, fún ẹni tó máa kọ lẹ́tà yẹn, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó kọ "he is a hardworking boy" lásán. Lẹ́yìn tó o bá lọ tán, mẹ́sẹ́èjì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó, kì í ṣe "good morning sir" lójoojúmọ́ fún ọdún kan.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ń fọwọ́ kàn mí, tàbí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí mi, ó sì jẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní buwọ́ lu Form 8.

Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, ọmọbìnrin ni ẹ́ o, ọmọkùnrin ni ẹ́ o. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe kedere, láìrẹ́rìn-ín: "Sà, mi ò fẹ́ èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é mọ́." Ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń fi ẹ̀rín bo ìtìjú, ẹni yẹn á sì ní òun rò pé ó dùn mọ́ ọn. Tó ò bá lè sọ ọ́ lójú ẹ̀, kò burú, kúrò níbẹ̀, ohun tá a fẹ́ sọ báyìí ṣì kàn ẹ́.

Kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó sọ gangan, ẹni tó wà nítòsí, síbi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Má pa mẹ́sẹ́èjì ẹ̀ rẹ́ bó ti wù kó rí ẹ lára tó, ya ojú fóònù pamọ́. Má dá wà pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́yìn aago iṣẹ́. Sọ fún HR tàbí ọ̀gá míì lórí ìwé, sọ fún kọ́ọ̀dínétọ̀ SIWES ilé ìwé ẹ lọ́jọ́ kan náà, má dúró de ìgbà tí súpáfáísọ̀ máa wá. Bi í bó o ṣe lè lọ parí IT ẹ níbòmíì, kó o sì jẹ́ kó dáhùn lórí ìmeèlì.

Tó bá jẹ́ Èkó lo wà, àjọ ìjọba tó ń rí sí i, Domestic and Sexual Violence Agency, wà lórí 08000 333 333, ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní ohunkóhun, ìwé tó o ti ń kọ yẹn ni kó o kà fún wọn.